Ṣé Ìda Ti Tútù Ni?

"Ọkọ mi, omi inú ìkòkò…"

"Ṣé ìda ti tútù ni?"

"Rárá o, àmọ́…"

"Tí ìda ò bá tíì tútù, kí ni ẹnu ń ṣe?"

"Ẹnu ń dákẹ́."

"Ẹn-hẹ́ẹ̀n. Yí àbẹ́là."

Ẹ̀yin tí ìtàn yìí bá bọ́ sí lọ́wọ́, ẹ má fi í sílẹ̀ láàrin ọ̀nà. Ẹ kà á dé ìsàlẹ̀, torí ìsàlẹ̀ ọbẹ̀ lẹran wà.

1.

Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n ni wọ́n ń pe ọkùnrin yẹn. Ìda oyin ló fi ń ṣe àbẹ́là aláràbarà. Á ri àbẹ́là bọ inú ìda pupa, á rì í bọ funfun, á tún rì í bọ pupa, títí yóò fi sanra bí apá géńdé. Nígbà náà ni yóò fi ọ̀bẹ là á ní tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ láti òkè wálẹ̀, tí yóò máa ká a bí òdòdó, tí àwọ̀ inú yóò sì yọ síta. Kò sí ààyè ìsinmi. Bí ìda bá tútù báyìí, ó ti le nìyẹn. Bí ọ̀bẹ bá kàn án, fífọ́ ló máa fọ́.

Ìyàwó rẹ̀ ló ń yọ́ ìda. Òun náà ló ń fọwọ́ méjèèjì di òwú àbẹ́là mú lókè, tó ń yí i fún un. Tẹ̀rín-tẹ̀rín ni wọ́n ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wá wòran, tí wọ́n ń fi fóònù ya fídíò, ni orí Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n wú. Ó ṣòfin: bí ìda bá ṣì gbóná, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ sí òun. Ìyàwó gbàgbé lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ẹ rọra, ọ̀bẹ yẹn ti jìn jù." Lójú gbogbo òǹwòran ni ọkọ ti dá a lóhùn:

"Tó o bá tún la ẹnu yẹn, ilé bàbá ẹ lo ti máa pa á dé."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni obìnrin yìí ti ń gbé ọ̀rọ̀ mì bí ẹni gbé oògùn kíkorò mì.

2.

Lọ́jọ́ tí mò ń wí yìí, màmá kan wá gba àbẹ́là ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù wọn. Ó jókòó, ó gbé fóònù sókè. Ọwọ́-Ò-Gbọ̀n kọjú sí i, ó kẹ̀yìn sí iná. Ìyàwó nìkan ló ń wo ìkòkò.

Ẹ mọ̀ pé ìda kì í jókòó lórí iná tààrà. Ìkòkò kékeré tó gbé ìda, inú ìkòkò ńlá tí omi ti ń hó ló ń wà. Omi yẹn ni ẹ̀ṣọ́ rẹ̀. Obìnrin náà ń gbọ́ omi: kútú-kútú, kútú-kútú. Lójijì, omi dákẹ́: ó ti gbẹ tán.

Ìgbà yẹn ló sọ ọ̀rọ̀ tí ẹ kọ́kọ́ kà lókè, tí ọkọ sì fi òfin dì í lẹ́nu.

Ó yí àbẹ́là. Èéfín tín-ín-rín yọ lẹ́yìn ọkọ rẹ̀. Bó bá ju òwú sílẹ̀, àbẹ́là á bàjẹ́, ilé bàbá rẹ̀ nìyẹn. Bó bá sì dì í mú…

"Ọ̀gá, ṣé èéfín yẹn wà lára ẹ̀ ni?" màmá bi í.

"Ẹ máa wòran, Màmá. Iṣẹ́ ọwọ́ ni tiwa, kì í ṣe iṣẹ́ ẹnu."

"Ẹ ò ní pa mí!" Màmá ń rẹ́rìn-ín.

3.

"Ọkọ mi, iná!"

Ó ju òwú sílẹ̀. Àbẹ́là já lulẹ̀, ó bàjẹ́ pátápátá.

Ẹ sì gbọ́ ohun tí ọkùnrin yìí pariwo. Kì í ṣe "Iná!" Ohun tó pariwo ni "Àbẹ́là mi!"

Kó tó yíjú, iná ti ń jó lórí ìda. Ó gbé bàsíà omi tútù.

"Ẹ má da omi sí i! Ìdérí ni! Ẹ jẹ́ kí n fi ìdérí…"

"Pa ẹnu ẹ mọ́!"

Ó da omi sí i.

Bùú! Iná fò dé àjà. Ìda gbígbóná ta sí i lọ́wọ́ méjèèjì. Ìyàwó ló di ẹ̀wù rẹ̀ mú, tó wọ́ ọ jáde. Màmá ti wà ní títì, láìwọ bàtà, fóònù ṣì wà lókè. Ṣọ́ọ̀bù jó kanlẹ̀.

4.

Ní ọsibítù, wọ́n fi báńdéèjì funfun wé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó wá dà bí àbẹ́là tí a ò tíì gbẹ́. Ọwọ́ tí kì í gbọ̀n ń gbọ̀n. Gbogbo ẹni tó bá wá kí i ló ń sọ fún pé, "Ojú ìyàwó mi ló ṣe. Ìkòkò ló ń wò. Kò sọ nǹkan kan fún mi."

Ìyàwó ń gbọ́ ọ. Ó ń fi ṣíbí fún un lóúnjẹ.

Ẹ̀yin ará mi, bí òróró tàbí ìda bá gbiná, ẹ má da omi sí i láéláé. Ẹ pa gáàsì, ẹ fi ìdérí dé e. Ṣùgbọ́n ohun tó ju ìyẹn lọ ni pé kí ẹ má ṣe dí ẹnu ẹni tó ń bá yín wo ẹ̀yìn. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè.

Nígbà tí oúnjẹ tán, obìnrin náà nù ún lẹ́nu, ó gbé báàgì rẹ̀.

"Níbo lò ń lọ? Dá mi lóhùn! Àbí o ò lẹ́nu ni?"

Ó ti dé ẹnu ilẹ̀kùn kó tó bojú wẹ̀yìn.

"Ìda ti tútù, ọkọ mi, mo lè sọ̀rọ̀ wàyí: ilé bàbá mi ni mò ń lọ."