Ìdánwò Inú Ẹ̀rẹ̀kẹ́

Lẹ́tà ojú ewé méjì ni Mìsíìsì Fábíyìí, olùkọ́ eré ìdárayá ní Ṣàgámù, kọ sí ìgbìmọ̀ eré ìje lọ́dún 1982. Ó ní Bánkẹ́, ọmọ Ìsarà tó ń fi gbogbo ọmọbìnrin Rẹ́mọ sílẹ̀ sẹ́yìn lórí pápá, kì í ṣe obìnrin.

Ìgbìmọ̀ ní kí wọ́n lọ ṣe àyẹ̀wò. Bí Bánkẹ́ bá yege, òun ni yóò lọ sáré fún ìpínlẹ̀ ní Abẹ́òkúta, iléèwé àwọn olùkọ́ kan sì ti ṣèlérí àyè fún ẹni tó bá lọ. Bí kò bá yege, Modúpẹ́, ọmọ tí Mìsíìsì Fábíyìí ń kọ́, ni yóò lọ, Bánkẹ́ yóò sì padà sí oko ẹ̀gẹ́.

Mìsíìsì Fábíyìí ló kọ́kọ́ dé ilé ìwòsàn. Ó wọ búláòsì aláìlápá, ara rẹ̀ ń dán. Ó ga ju ọkọ rẹ̀ lọ, àyà rẹ̀ kún, àwọn awakọ̀ ní oríta a sì máa tẹ fèrè sí i. Àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ a máa bi í pé irú bíléèdì wo ló ń lò sí abíyá. Á ní òun kò ra bíléèdì rí láyé òun.

Bánkẹ́ tẹ̀ lé olùkọ́ rẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Olúsànyà, wọlé. Irun hù díẹ̀ sókè ètè rẹ̀, àyà rẹ̀ tẹ́ bí pátákó. Ó kúnlẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀, mà.”

“Dìde. Ọkùnrin kì í kúnlẹ̀ kí mi. Dọ̀bálẹ̀ ni wọ́n ń dọ̀bálẹ̀.”

“Mìsíìsì, ọmọ ọlọ́mọ nìyẹn,” Olúsànyà sọ.

“Ẹ fi irun ètè rẹ̀ wé tiyín, kí ẹ wá wí fún mi irú ọmọ tó jẹ́.”

“Mo ń ṣe nǹkan oṣù mi, mà,” Bánkẹ́ sọ.

“Ẹnu ni gbogbo ayé fi ń ṣe é.” Ó sọ ọ́ kíákíá, bí ẹni tó ti mọ ọ́n sórí tipẹ́. “Àwọn ọmọ tèmi, bí wọ́n bá ní inú ń run àwọn nítorí oṣù, mo ní kí wọ́n máa sáré lọ. Oṣù kan kò dá mi dúró rí. Nígbà tèmi, kò sí obìnrin tó bá mi dé ìdí okùn ìparí eré.”

“A ti gbọ́, mà. A mọ iye ife tó wà ní pálọ̀ yín,” Olúsànyà sọ.

Dókítà Ìyàndá pè wọ́n wọlé. “Ẹ má fi irun àti àyà dájọ́,” ó ní. “Ohun tí ọmọ jogún ló ń sọ bóyá yóò ní ẹpọ̀n tàbí ilé ẹyin. Lẹ́yìn náà ni hómóònù inú ẹ̀jẹ̀ á máa kọ́ ara bí yóò ṣe rí. Hómóònù ọkùnrin á pọ̀ díẹ̀ lára obìnrin mìíràn, irun á hù sí i lẹ́nu. Ara ẹlòmíràn á sì di etí sí i pátápátá. Ti ọkùnrin ló jogún, ṣùgbọ́n obìnrin ni yóò dàgbà dà, òun fúnra rẹ̀ kò sì ní mọ̀.”

“Dókítà, ẹjọ́ ọmọ yìí la wá rò,” Mìsíìsì Fábíyìí sọ.

Dókítà ní òun yóò ha inú ẹ̀rẹ̀kẹ́, òun yóò tẹ́ ẹ sórí gíláàsì, òun yóò sì kùn ún láró. Àmì dúdú kékeré á hàn létí sẹ́ẹ̀lì ẹni tó bá jogún ti obìnrin. Ti ọkùnrin kì í ní in. Ó tún ní òun nílò obìnrin kan tí òun yóò fi wé e, kí ẹnikẹ́ni má baà ní aró ló bàjẹ́. Ó pe Nọ́ọ̀sì Àtinúkẹ́.

“Ọmọ ibo nìyí?” Mìsíìsì Fábíyìí bèèrè.

“Ìsarà ni mí, mà.”

“Mo mọ̀. Ẹ fi í sílẹ̀, Dókítà. Èmi ni kí ẹ mú. Ta ló tún jẹ́ obìnrin jù mí lọ ní yàrá yìí?”

Dókítà ha inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ Bánkẹ́, Mìsíìsì Fábíyìí náà la ẹnu. Ó wo Dókítà bó ṣe ń kọ orúkọ sára gíláàsì méjèèjì, ó sì buwọ́ lù wọ́n fúnra rẹ̀.

Wọ́n jókòó síta. Nínú báàgì Mìsíìsì Fábíyìí ni ìgò àgbo àtilóyún tí ìyá ọkọ rẹ̀ kì bọ̀ ọ́ láàárọ̀ wà. Ọdún kejìlá tó ń mu àgbo nìyẹn, ó sì ti rẹ̀ ẹ́ láti máa sọ fún wọn pé ọmọ wọn ni kí wọ́n lọ yẹ̀ wò. Ó da àgbo náà sí kòtò. Ó yọ fọ́ọ̀mù Abẹ́òkúta jáde, ó kọ orúkọ Modúpẹ́ sí i níṣojú Bánkẹ́, ó sì fẹ́ atẹ́gùn sí íńkì kó gbẹ.

Dókítà pe Àtinúkẹ́ wọlé. Nígbà tí Àtinúkẹ́ jáde, ó ń nu ẹnu rẹ̀. Ó pẹ́ kí ilẹ̀kùn tó tún ṣí.

“Mìsíìsì Fábíyìí nìkan,” Dókítà sọ.

“Ẹ sọ ọ́ lójú wọn. Kò sí àṣírí níbẹ̀.”

Dókítà dúró títí Mìsíìsì Fábíyìí fi wọlé, ó ti ilẹ̀kùn, ó fa àga fún un.

“Ẹ jókòó, mà,” ó ní. “Àmì dúdú yẹn kún inú gíláàsì Bánkẹ́ àti ti nọ́ọ̀sì, inú tiyín la wá a, tí a wá a, tí a kò rí ẹyọ kan.”