Alfa Ní Kí N Kí Yín

Akẹ́kọ̀ọ́ kan nà gbalaja sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń kọ̀wé sí ìyá rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́ lórí fóònù. Aago mọ́kànlá àárọ̀ ti kọjá, kò sì tíì kí ìrun àsùbáà.

“Màámi, ẹ má rò pé ìgbádùn ló dá mi dúró sí Kumasi ní ọlidé yìí. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti mọ́ṣáláṣí Asawase dé ni. Àràárọ̀ ni mò ń ké kéwú lọ́dọ̀ Alfa Jùnáídù.”

Sàlmàn tí wọ́n jọ ń gbé yàrá yọjú wo fóònù náà.

“Chale, ọ̀rẹ́ mi, ṣé o mọ mọ́ṣáláṣí yẹn?”

“Ọkọ̀ tírótírò tí mò ń wọ̀ máa ń gba iwájú ẹ̀ lọ sí Adum.”

“Alfa náà ńkọ́?”

“Màámi mọ̀ ọ́n, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Ìyẹn ti tó.”

Ó fi kún un pé: “Alfa ní kí n kí yín. Àárọ̀ yìí ló gbọ́wọ́ lé mi lórí, ó ní ẹ bímọ ire.” Ó fi ránṣẹ́, ó wá ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí alhájì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Mẹ́kà dé.

Èsì ìyá kò pẹ́. “Alhamudulilahi. Orúkọ wọn náà la ń pè níbí láti àárọ̀.”

Fọ́tò kan tẹ̀lé e. Ìyá jókòó lábẹ́ àtíbàbà láàárín ẹbí, àwòrán Alfa sì wà lẹ́yìn wọn gàdàgbà, pẹ̀lú àkọlé pé: “Fídáù ọjọ́ kẹjọ Olóògbé Alfa Jùnáídù, tó kú sí Kumasi.”

Ìyá tún kọ̀wé pé: “Tó o bá tún rí wọn lásùbáà ọ̀la, bá mi kí wọn. Lẹ́yìn náà, kó ẹrù ẹ, kó o máa bọ̀ nílé.”