Ọ̀rọ̀ Tí Fergus Fẹ́ Bá Ìyá Rẹ̀ Sọ

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan, Fergus Baird gba ẹnu ọ̀nà itẹ́ òkú àtijọ́ tó wà ní gúúsù Glasgow wọlé, òdòdó lọ́wọ́ kan, báàgì lọ́wọ́ kejì. Òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Àforíjì ni ó fẹ́ tọrọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀. Ó ti gbìyànjú rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, ṣùgbọ́n bí ó bá ti kù díẹ̀ kí ó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ojú a tì í, ẹsẹ̀ a sì kọ̀.

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan láàárín àwọn òkúta gíga tí àwọn olówó ayé ọbabìnrin Victoria gbé kalẹ̀ fún ara wọn. Ibẹ̀ ni Ishbel Rennie ti bá a. Ìyá àgbà ni Ishbel, ó wà lára àwọn tó máa ń tún ibẹ̀ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, búrọ́ọ̀ṣì àti korobá omi sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo òdòdó náà, ó wo òkúta tó wà níwájú bẹ́ǹṣì, ó béèrè bóyá ìyá rẹ̀ nìyẹn. Fergus mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

Inú Ishbel dùn. Ó ní òun kò rí ẹnikẹ́ni nídìí òkúta yìí rí. Ó kúnlẹ̀, ó ha ohun bí ewé tútù tó hù bò ó, títí orúkọ fi jáde, ti àwọn àtijọ́ lókè, ti Euphemia Lorimer nísàlẹ̀ pátápátá. Orúkọ ilé bàbá obìnrin ni wọ́n máa ń kọ sórí òkúta rẹ̀ níbẹ̀, nítorí náà Ishbel kò béèrè ti Fergus. Fergus náà tẹ̀ síwájú, ó rọra ka orúkọ náà.

"Euphemia," Ishbel ní. "Orúkọ yìí á gùn ju ẹni tó ń jẹ́ ẹ lọ. Kí lẹ máa ń pè é nílé?"

"Nan."

"Nan dáa jù. Kí ló wà nínú báàgì yẹn?"

"Sálúbàtà ni, mà. Èyí tó nípọn. Ẹsẹ̀ wọn máa ń tutù."

Ishbel kò fi í ṣe ẹlẹ́yà. Ó ní eyín àtọwọ́dá ìyá tòun ṣì wà nínú ife nílé, ọjọ́ kan ló sì kù díẹ̀ kí ọkọ òun gbé omi rẹ̀ mu.

Fergus wo aago. Ó ní àkókò ìbẹ̀wò ti fẹ́ parí. Ishbel ní kí ó fara balẹ̀, wọn kì í lé èèyàn níbí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Ó wá bi í pé kí ló ń dùn ún.

"Mo ṣèlérí fún wọn pé mi ò ní fi wọ́n sọ́wọ́ àjèjì láé. Mo sì fi wọ́n síbẹ̀."

"Ìwọ nìkan kọ́, ọmọ mi. Sọ fún un. Àwọn ará ibí kì í jiyàn. Wọ́n sàn ju ọkọ mi lọ."

Ojú ń ti Fergus láti ṣe é. Ojú tún ń tì í láti kọ̀ fún ìyá àgbà tó ti ki ọwọ́ bọ omi tútù nítorí rẹ̀. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ dárí jì mí, mọ́mì," ó ní. "Ẹ̀rù ló bà mí. Mi ò lè máa wo bí ẹ ó ṣe gbàgbé mi."

Ishbel gbé ọwọ́ lé e léjìká, ó ní ìyá rẹ̀ ti gbọ́. Fergus tẹ́ òdòdó náà sílẹ̀, ó nu ojú, ó dúpẹ́. Ó ní ara òun ti fúyẹ́, pé òun yóò máa wá síbí ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Ó jáde, ó sì wọ bọ́ọ̀sì lọ sílé.

Lẹ́yìn ògiri itẹ́ òkú náà, nínú ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó, Nan Baird jókòó sójú fèrèsé pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn, ó ń bẹ nọ́ọ̀sì pé kí ó má tíì gbé àga kejì kúrò, nítorí Fergus ọmọ òun kò ní pẹ́ dé.