Ọ̀rẹ́ Ẹranko àti Sèbé Inú Fíríìjì

Mo fi irun funfun orí mi ṣèlérí pé ìtàn yìí kò ní gùn. Ìrù ehoro ni mo fi wọ̀n ọ́n. Ẹni tó bá ti gbé omi ẹ̀bà ka iná, kó má wulẹ̀ sọ ọ́ kalẹ̀. A ó parí kí omi náà tó hó.

Ìkà ni Hezekiah Oyèkúnlé. Mo tètè sọ ọ́ kí ẹ má baà máa wá a kiri nínú ìtàn. Ìkà rẹ̀ kì í ṣe ti aláriwo; ìkà tó ń rẹ́rìn-ín ni, tó ń wọ sùtánà funfun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Kérúbù àti Séráfù. Ìlú Ìrókò ló ń gbé, Ìbàdàn ló ti ń ṣiṣẹ́ ọba. Bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, iṣẹ́ kejì bẹ̀rẹ̀: ó ní ìkànnì kan lórí ayélujára tó fi ń kọ́ àwọn ọmọdé nípa ẹranko. Ọ̀rẹ́ Ẹranko ló sọ ọ́. Àwọn olùkọ́ ń ṣí i fún àwọn ọmọ ní kíláàsì, àwọn ọmọ tí kò rí ojú rẹ̀ rí sì ń kọ̀wé sí i pé, "Ẹ ṣé o, Bàbá Ẹranko."

Àwòrán ibẹ̀ dára púpọ̀. Ohun tó mú wọn dára ni kí a má bèèrè. Ọ̀kẹ́rẹ́ kì í dúró fún kámẹ́rà, nítorí náà Hezekiah a gé iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀. Agẹmọ tí ẹ rí lórí ẹ̀ka igi, gọ́ọ̀mù ló fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibẹ̀. Òwìwí tó lajú kalẹ̀ bí adájọ́, òwú ló fi rán ìpéǹpéjú rẹ̀ sókè, ó sì fi kọ̀ǹpútà pa òwú náà rẹ́. Tó bá ya àwòrán tán, ajá ló ń jẹ wọ́n. Nísàlẹ̀ àwòrán kọ̀ọ̀kan, yóò wá kọ ọ́ pé: "Ẹ wo bó ṣe fara balẹ̀. Inú rẹ̀ ń dùn."

Títíladé, ìyàwó rẹ̀, bá a sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan.

"Bàbá Ìfẹ́olúwa, ẹni tó bá fẹ́ fi igi gún ọmọ ẹyẹ, ṣebí wọ́n ní kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò?"

"Ẹyẹ ló rán ọ sí mi?"

"Ẹyẹ kọ́ o. Ojú mi ni kò gbà á."

"Dijú nígbà náà. Láti òní lọ, tí mo bá ti gbé kámẹ́rà, mi ò fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ nínú ilé yìí. Ìbáà jẹ́ pé ilé ń jó."

Títíladé ní òun ti gbọ́. Obìnrin tí í pa àṣẹ ọkọ mọ́ ni.

Ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé kan, Ọládòṣù tó ń dẹ pàkúté lóko gbé àpò kan wá.

"Bàbá, sèbé rèé. Èyí tí í tutọ́ sójú ènìyàn ni. Ó wà láàyè o!"

"Òun gan-an ni mo ń wá."

"Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Mo fẹ́ fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìfẹ́."

Ọládòṣù wo ojú rẹ̀, ó wo àpò, ó fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Hezekiah gbọ́n. Ó mọ̀ pé bí òtútù bá mú ejò, okùn lásán ni. Ẹni tó bá wù a fi ọ̀pá gbé orí rẹ̀ ró. Ó ti ṣèlérí lórí ìkànnì pé ní ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, àwọn ọmọ yóò rí sèbé lójúkojú. Ó tilẹ̀ ti kọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀ de àwòrán. Láàárọ̀ Sọ́ńdè, ó kó gbogbo omi tútù jáde nínú fíríìjì kí àyè lè gba àpò náà lábẹ́ ìkòkò ọbẹ̀ ẹ̀gúsí. Ó gbé omi náà lọ fún àwọn ará ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ṣàdúrà fún un.

Kò tíì dé ìkóríta tí àwọn oníná fi mú iná lọ. Fíríìjì dákẹ́. Oòrùn mú páànù ilé, ilé gbóná, ohun kan sì na ara rẹ̀ nínú àpò. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí jẹnẹrétọ̀ ti ń kùn, wọ́n ń ka ibi tí Ọlọ́run ti ní kí ènìyàn jọba lórí gbogbo ẹranko. Hezekiah ló ṣe àmín tó ròkè jù.

Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé padà ni Hezekiah ń wọlé. Ó gbọ́ bí fíríìjì ṣe ń kùn, inú rẹ̀ dùn, ó gbé kámẹ́rà kọ́rùn.

"Bàbá Ìfẹ́olúwa," ni Títíladé bẹ̀rẹ̀, "iná..."

"Kí ni mo sọ nípa kámẹ́rà?"

"Mo kàn fẹ́ sọ pé iná..."

"Títíladé!"

Títíladé jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó sì fa ilẹ̀kùn dé.

Gbogbo ọjọ́ ni ti olè, ọjọ́ kan ni ti olóhun. Hezekiah gbé àpò jáde, ó tú ẹnu rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú òun àti ti ejò lè dọ́gba. Ó ní, "Rẹ́rìn-ín." Sèbé kò rẹ́rìn-ín. Ó fẹ ọrùn, ó tutọ́, ojú méjèèjì ló bà. Lẹ́yìn náà ó gba ẹnu ọ̀nà iwájú padà sóko, kò kánjú.

"Omi! Títí, omi!"

Títíladé dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Ṣé mo lè sọ̀rọ̀ báyìí?"

"Omi o!"

"Ti inú fíríìjì, ẹ ti gbé e fún àwọn ará. Ti inú táńkì ti tán. Ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín nìyẹn: ẹ ò tíì jìnnà láàárọ̀ tí iná fi lọ, ẹ ń wọlé ló dé. Mi ò rí iná fa omi."

"Wo ìkànnì! Wo ohun tí wọ́n ń ṣe sí oró ejò!"

Ó ṣí fóònù, ó rí ẹ̀kọ́ tí ọkọ rẹ̀ kọ, ó kà á sókè ketekete: "Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má bẹ̀rù sèbé. Kì í ṣe ibi kankan sí ẹni tó bá fi ìfẹ́ wò ó."

Ibẹ̀ ni ẹ̀kọ́ náà parí sí.

Kí wọ́n tó pọn omi dé láti kànga, kí wọ́n tó rí ọkọ̀ tó gbé e dé ọsibítù, ojú ti lọ. Lónìí, abẹ́ igi máńgòrò ni Hezekiah ń jókòó sí látàárọ̀ dalẹ́. Títíladé ló ń bójú tó ìkànnì. Ó kó gbogbo àwòrán àtijọ́ kúrò, ó fi ẹyọ kan sílẹ̀ dípò wọn: ọkùnrin kan lórí àga, ọwọ́ lórí orúnkún, tó dúró jẹ́ẹ́ fún kámẹ́rà láìsí òwú, láìsí gọ́ọ̀mù. Ó kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé: "Ẹ wo bó ṣe fara balẹ̀. Inú rẹ̀ ń dùn."

Ẹ̀kọ́ inú ìtàn yìí ni pé ẹni da eérú leérú ń tọ̀. Kí a má ṣe máa fi ẹnu kọ́ ọmọ ní àánú kí a sì máa fi ọwọ́ ṣe ìkà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹni tó bá sì dí ẹnu ẹni tó fẹ́ kìlọ̀ fún un, etí ara rẹ̀ ló dí.

Ẹ jọ̀wọ́, ọ̀rọ̀ yìí kò gbọdọ̀ kúrò láàárín wa. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ gbọ́. Wọ́n ṣì ń kọ̀wé sí Títíladé, wọ́n ń bèèrè ohun tí ẹranko orí àga yẹn ń jẹ.