Ràmọ́tà Ẹlẹ́ja àti Àmì Pupa

Ẹ̀yin tí wọ́n ń kó nǹkan fún láti tọ́jú, ẹ dákun, ẹ má fo ìtàn yìí. Ẹ kà á títí dé ìsàlẹ̀.

1.
Ọdún méjìdínlógún ni Ràmọ́tà, ìyá Yasir, fi ta ẹja yìnyín ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ta ló fẹ́ bá a jiyàn lórí òtútù? Nígbà tí àwọn obìnrin tó ń gbin ẹ̀fọ́ létí odò ní Ayépé kọ́ yàrá òtútù tí ẹ̀fọ́ wọn ò fi ní máa rọ, òun ni wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́.

Abdulhakeem, ọ̀dọ́mọkùnrin tó so ẹ̀rọ tó ń mú yàrá náà tutù, fi ọ̀dà pupa sàmì síbi tí wọ́n ti ń yí òtútù.

"Ìyá, ẹ má jẹ́ kó kọjá ibí. Ẹ̀fọ́ kì í ṣe ẹja. Bó bá ti di yìnyín, ó parí."

Ràmọ́tà rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n tó bí Abdulhakeem lòun ti ń fọwọ́ kó yìnyín.

2.
Lọ́jọ́ Jímọ̀, wọ́n kó ẹ̀fọ́ àti tòmátì wọlé. Ilé ìwé ńlá kan ń bọ̀ wá gbé e ní Mọ́ńdè. Bó bá dára, ọwọ́ àwọn obìnrin náà nilé ìwé yóò ti máa rà á jálẹ̀ ọdún. Edith, opó tó fi garawa pọn omi sóko rẹ̀ ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn, ló kó tiẹ̀ dé gbẹ̀yìn.

"Ìyá Yasir, ẹ bá mi mójú tó o. Èyí nìkan ló kù fún èmi àti Ìtùnú ọmọ mi."

Ràmọ́tà ní kó fọkàn balẹ̀.

Lọ́sàn-án Sátidé, oòrùn mú ganrínganrín. Ràmọ́tà wọ yàrá náà, ó ní òtútù wo nìyí. Ó yí i kọjá àmì pupa, ó yí i dé òpin, bó ṣe máa ń ṣe fún ẹja. Ó tilẹ̀kùn, ó lọ síbi ìsọmọlórúkọ ní Ìjẹ̀bú-Òde, kò sì padà wá wò ó.

3.
Ní àárọ̀ Mọ́ńdè, ẹ̀fọ́ le gbagidi. Inú Ràmọ́tà dùn, ẹ gbọ́ o! Ó ní kí wọ́n wá wo iṣẹ́ ọwọ́ òun.

Wọn ò tíì kó apẹ̀rẹ̀ síta dé ìdajì tí yìnyín ara ẹ̀fọ́ fi ń yọ́, tí omi ń ro sílẹ̀. Ewé dúdú, tòmátì rọ̀ bí èyí tí wọ́n bọ̀. Jessica, olórí ilé ìdáná ilé ìwé náà, bu ẹ̀fọ́ lọ́wọ́ kan, ó yọ́ láàárín ìka rẹ̀. Ó ní kí awakọ̀ yí ọkọ̀ padà.

Ràmọ́tà kúnlẹ̀ fún ẹni tó lè bí lọ́mọ. Ó bẹ̀ ẹ́, ó sunkún. Ó tẹ́ ẹní, ó ń ṣa èyí tó lè dára nínú wọn. Kò rí ẹyọ kan.

Edith jókòó ti apẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

"Mo sọ fún yín pé èyí nìkan ló kù."

Ilé ìwé ti rí ẹlòmíràn báyìí. Edith ṣì ń kí Ràmọ́tà bí wọ́n bá pàdé, àmọ́ kì í dúró.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo bẹ̀ yín: iṣẹ́ tí ẹ mọ̀ kọ́ ni gbogbo iṣẹ́. Bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá sàmì kan fún yín, ẹ má kọjá rẹ̀ torí pé ẹ dàgbà jù ú lọ. Ràmọ́tà dàgbà ju Abdulhakeem lọ, oúnjẹ Ìtùnú ló fi jà á níyàn.