Ìbọn Inú Àkùrọ̀

Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ gbé ọkọ́ sókè, ó là á mọ́ ọwọ́ ọdẹ kan tó fẹ́ yìnbọn pa àwọn ẹyẹ orí igi. Ìbọn bọ́ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń kán sínú omi àkùrọ̀ ìsàlẹ̀ Bẹ́yẹrúnkà. Lókè orí wọn, lékeléke sàba lórí ẹyin.

"Ẹ dákun, màmá! Wọ́n rán mi ni!"

"Ta ló rán ẹ, ọmọ burúkú? Ọ̀la làwọn ìjọba ń bọ̀ wá wo ẹyẹ wọ̀nyí. Bí wọn ò bá bá ẹyẹ kankan níbí, wọ́n á jẹ́ kí àwọn tó fẹ́ ra ilẹ̀ yìí fi yẹ̀pẹ̀ dí àkùrọ̀ mi pa!"

Ó tún gbá a lójúgun. Ó gbé ìbọn náà kó lè fọ́ ọ mọ́ òkúta, ọwọ́ rẹ̀ bá ba akísà aṣọ ẹtù tí òun fúnra rẹ̀ fi di ìdí ìbọn náà nígbà tí igi ibẹ̀ là. Ìbọn ọkọ rẹ̀ tó ti kú ni. Yàrá Àkíbù, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ló máa ń wà.

Àkíbù, tí koríko ò jẹ́ kó rí wọn, pariwo láti orí afárá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àkùrọ̀: "Bọ̀ọ̀dá ọdẹ, kí lẹ tún ń dúró dè? Ẹ yìn ín! Ẹ má jẹ́ kó ku ẹyọ kan!"

Ìyá náà kọ ẹnu ìbọn sí afárá. Ó yìn ín.

Àkíbù ṣubú. Gbogbo lékeléke gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n forí lé ọ̀nà Mọ́lété.

Kò ku ẹyọ kan.