Ohùn Ìyá Rẹ̀mí

Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni mo máa ń lọ sí Ilé Ohùn láti bá ìyàwó mi tó ti kú sọ̀rọ̀, níbi tí kọ̀ǹpútà ti máa ń fi ohùn rẹ̀ dá mi lóhùn. Lọ́sẹ̀ yìí, mo jókòó sí àga mi, mo ní, "Ìyá Rẹ̀mí, mo ti dé." Kò dáhùn.

Kíkẹ́lọmọ, ọmọbìnrin tó ń tọ́jú àwọn kọ̀ǹpútà ibẹ̀, jáde wá, ó sì kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀wọ́, bàbá. Mo ṣèèṣì pa ohùn Màmá rẹ́."

"Báwo?"

"Ẹ̀dà tí a fi ń dánrawò, tí kò ní ohùn wọn nínú, ni mo fẹ́ pa rẹ́, sà. Òun àti ojúlówó ló ṣí sílẹ̀ níwájú mi, orúkọ wọn sì jọra. Ojúlówó ni mo pa rẹ́."

"Ẹ ò wá tọ́jú òmíràn síbì kan ni?"

"A tọ́jú ẹ̀, sà. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá ṣe sí ojúlówó ló máa ń ṣẹlẹ̀ sí òun náà. Òun náà ti pa rẹ́ lójú ẹsẹ̀."

Mo ní kó dìde.

"Ṣé kò wá ku nǹkan kan?"

"Ọ̀rọ̀ tiyín nìkan, sà. Ọ̀tọ̀ là ń kó ti àwọn àlejò sí."

Mo ní kó gbé e sí i. Mo gbọ́ ohùn ara mi: "Ìyá Rẹ̀mí, kí lo máa ń fi sínú ọbẹ̀ ilá yẹn gan-an?" Ibi tó ti dá mi lóhùn dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ ẹ̀rín ara mi.

Mo ní kó tún gbé e sí i. N kò rántí ohun tí Ìyá Rẹ̀mí sọ.